Ọkọ̀ Òfurufú Ogun Tí Wọ́n Sọ Di Ẹṣin Eré-ìje

Ẹni tó bá ń gbé ní Àgídìngbì kì í bá ariwo bàálù jà. Pápá ọkọ̀ òfurufú Ìkejà kò jìnnà sí wa. Bí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú, tí bàálù bá ń kọjá lókè, a ó dákẹ́ díẹ̀, a ó jẹ́ kó lọ, a ó sì bẹ̀rẹ̀ níbi tí a bá a dé. Ariwo ẹ̀rọ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó yí wa ká náà ti mọ́ wa lára. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ọmọ kéwú wa kan kó orí jọ sídìí fóònù lẹ́yìn ìrun Alásárì, tí ariwo kan sì ń jáde níbẹ̀ tí kò jọ ti bàálù tí a mọ̀, a dẹtí sí i. Ó ń han bí ẹni pé wọ́n da agbọ́n sínú agolo, tí wọ́n sì ń mi agolo náà. A gba fóònù ọ̀hún lọ́wọ́ wọn láti bá wọn wí. Ká má purọ́, nígbà tí a gbà á tán, a jókòó, a wò ó dé òpin.

Ohun tí a rí ni àwọn ọkọ̀ òfurufú kéékèèké, alábẹ̀bẹ̀ ní imú, ẹnì kan ṣoṣo nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń sá eré yí òpó ká nínú aṣálẹ̀ kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Wọn kò lọ sókè. Ilẹ̀ ni wọ́n ń fò mọ́, débi pé òjìji wọn ń bá wọn sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ní, "Àfáà, wọ́n ní ọkọ̀ tí wọ́n fi ja Ogun Hitler ni o. Kí ló dé tí wọ́n gé e lápá?" Èkejì, tó ń kọ́ṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ yí irin, bèèrè tirẹ̀: "Ṣé irú rẹ̀ dé Nàìjíríà rí?" Ìbéèrè àkọ́kọ́ kò le púpọ̀. Ìkejì ni kò jẹ́ kí a sinmi, òun ló sì bí àpilẹ̀kọ yìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ti apá tí wọ́n gé. Ọkọ̀ tí àwọn ọmọ rí ni Mustang, ọkọ̀ ogun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe. Ẹ́ńjìnnì tó kọ́kọ́ wà nínú rẹ̀ kò lágbára tó lókè réré. Ìgbà tí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì Merlin, iṣẹ́ ọwọ́ Rolls-Royce ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sínú rẹ̀ ní ọdún 1942 ni ó tó di ohun tí àwọn ará Jámánì ń bẹ̀rù. Sìlíńdà 12 ni Merlin yìí ní, ààyè inú wọn jẹ́ líítà 27, agbára rẹ̀ sì tó nǹkan bí ti ẹṣin 1,500. Nígbà tí ogun parí, ìjọba Amẹ́ríkà ta àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí lọ́pọ̀ bí ẹni ta gbàǹjo. Àwọn awakọ̀ tí ogun ti tú sílẹ̀ rà wọ́n, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n sáré ní ìlú Cleveland láti ọdún 1946. Ní ọdún 1949, ọ̀kan nínú wọn já lu ilé kan níbẹ̀, ó pa awakọ̀ rẹ̀, ó pa ìyá kan àti ọmọ rẹ̀, eré náà sì dáwọ́ dúró. Ọdún 1964 ni wọ́n tún dá irú rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá ìlú Reno ní ìpínlẹ̀ Nevada, ó sì ń wáyé níbẹ̀ títí di ọdún 2023, bí a bá yọ ọdún kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn.

Ẹni tó bá fẹ́ borí níbẹ̀ kì í fi ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bí ogun ṣe fi í sílẹ̀. Ìbọn á kúrò. Irin tó ń dáàbò bo ẹ̀yìn awakọ̀ á kúrò. Gíláàsì orí rẹ̀, tí wọ́n ṣe ga kí ó lè máa wo ọ̀tá lẹ́yìn, wọ́n á sọ ọ́ di bíńtín débi pé agbárí ènìyàn nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Apá á kúrú, nítorí pé apá gígùn wúlò fún gígun òkè àti fún gbígbé ẹrù, ṣùgbọ́n ẹni tó ń sáré nítòsí ilẹ̀, apá gígùn a máa bá afẹ́fẹ́ jà, a sì máa fà á sẹ́yìn. Wọ́n á dí gbogbo ojú ìṣó, wọ́n á ha ara rẹ̀ títí yóò fi máa dán bí àwo tánganran. Ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń kì sí i lọ́nà ipá, ní ìlọ́po méjì èyí tí àwọn tó ṣe é fọwọ́ sí, wọ́n á sì máa tú omi tí wọ́n pò mọ́ methanol sí i kí iná inú rẹ̀ má baà fọ́ ọ. Báyìí ni ẹ́ńjìnnì agbára ẹṣin 1,500 ṣe ń mú ohun tó ju 3,000 lọ jáde, fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tí eré náà fi ń lọ.

Ìran kan wà nínú eré yìí tí ìtàn wọn wù wá. Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹjọ, ọdún 1979, Steve Hinton fi Mustang kan tí wọ́n ń pè ní Red Baron sáré máìlì 499 láàárín wákàtí kan, èyí tí í ṣe kìlómítà 803. Wọ́n ti yọ Merlin kúrò nínú ọkọ̀ yìí, wọ́n sì ti gbé Griffon sí i, ẹ́ńjìnnì Rolls-Royce tó tóbi jù ú lọ, pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ méjì tó ń yí ní òdìkejì ara wọn. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé orúkọ Griffon yìí, a ó padà sí i.) Oṣù tó tẹ̀lé e, ọkọ̀ náà já lulẹ̀ ní Reno, ó fọ́ yángá, ọkùnrin náà fara pa gidigidi, ṣùgbọ́n kò kú. Ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2017, ọmọ rẹ̀ tí òun náà ń jẹ́ Steven Hinton fi Mustang mìíràn sáré máìlì 531 ní wákàtí kan ní ìpínlẹ̀ Idaho, ìyẹn kìlómítà 855. Voodoo ni wọ́n sọ ọkọ̀ ọmọ yìí. Ọ̀rọ̀ yẹn kò ṣàjèjì sí wa: ọ̀rọ̀ àwọn Fọ̀n aládùúgbò wa ní Ìdahọ̀mì ni, orúkọ tí wọ́n ń pe òrìṣà wọn, tí àwọn ẹrú kó dé Haiti àti Louisiana. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn! Ẹni tó kó o lọ, ẹ̀wọ̀n wà lọ́rùn rẹ̀. Ibi tí ó wá balẹ̀ sí ni ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ àwọn olówó.

Àwọn kan lè bèèrè pé, ọkọ̀ tó ti lé ní 70 ọdún, báwo ni yóò ṣe máa sá irú eré bẹ́ẹ̀? Òótọ́ ibẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í ṣe ti àtijọ́ mọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1940, Spitfire kan, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, balẹ̀ sí etí òkun ní Calais ní ilẹ̀ Faransé. Awakọ̀ rẹ̀ jáde láàyè, iyanrìn sì bo ọkọ̀ náà. Ní ọdún 1980, lẹ́yìn 40 ọdún, ó tún yọrí. Wọ́n kó àjákù rẹ̀, àwọn oníṣẹ́ fi ọ̀pọ̀ ọdún tún un kọ́, ó sì padà fò ní ọdún 2011. Ní ọdún 2015 wọ́n tà á ní gbàǹjo ní London ní owó tó lé ní mílíọ̀nù 3 pọ́n-ùn, wọ́n sì fi owó náà ṣe ìtọrẹ àánú. Ṣé ọkọ̀ ti ọdún 1940 náà nìyẹn? Àwa tí a ń gbé ní Èkó lè dáhùn. Bí mọ́tò bá ti pẹ́ lọ́wọ́ ẹni, a ó ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, páńẹ́bítà yóò ti fi páànù tuntun rọ́pò èyí tó dógùn-ún, kò ní sí dígí tàbí àga tó jẹ́ ti ìbẹ̀rẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, tí ọlọ́pàá bá dá wa dúró, nọ́ńbà ṣáásì ni yóò wò, tí ó bá sì bá ti inú ìwé mu, mọ́tò yẹn náà ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti àwọn ọkọ̀ yìí. Páálí irin kékeré kan tó ní nọ́ńbà lára ni ẹ̀mí wọn wà.

Ṣùgbọ́n ohun àtijọ́ tó bá kù nínú ohun tuntun lè pa ènìyàn. Ní ọjọ́ 16, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2011, Mustang kan tí wọ́n ń pè ní Galloping Ghost já sáàárín òǹwòran ní Reno. Awakọ̀ rẹ̀, Jimmy Leeward, ẹni ọdún 74, kú, ènìyàn 10 nínú àwọn òǹwòran kú pẹ̀lú rẹ̀, àwọn tó fara pa sì lé ní 60. Wọ́n ti gé apá ọkọ̀ yìí láti ẹsẹ̀ bàtà 37 sí nǹkan bí 29, wọ́n sì ti yọ rédíétọ̀ abẹ́ ikùn rẹ̀ kúrò. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí, wọ́n rí i pé nọ́ọ̀tì tó mú ewé kékeré kan níbi ìrù ni ó ti gbó. Ohun tó wà nínú nọ́ọ̀tì náà, tí kì í jẹ́ kó tú, kò lágbára mọ́. Ewé náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ọkọ̀ náà ta sókè lójijì, ìwúwo ara awakọ̀ di ìlọ́po 17, ó sì dákú. Wọ́n tún rí i pé àwọn àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí ọkọ̀ náà, wọn kò dán wọn wò bó ti yẹ kí wọ́n tó gbé e wá síbi eré.

A ka èyí sí ọmọ wa tó ń kọ́ṣẹ́ létí, ó sì lọ sọ fún ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá náà wá bá wa fúnra rẹ̀, ó mú nọ́ọ̀tì kan tó ní ike nínú lọ́wọ́, ó ní, "Àfáà, èyí tí ẹ ń wò yìí, tí a bá ti tú u lẹ́ẹ̀kan, ó ti parí iṣẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá dá a padà, owó nọ́ọ̀tì ló ń ṣọ́." A bèèrè pé ṣé àwọn oníbàárà rẹ̀ máa ń gbà bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín.

Wàyí o, ìbéèrè kejì. Ẹ́ńjìnnì Merlin tí ń han nínú fóònù yẹn, Hurricane àti Spitfire ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń lò ó kí Mustang tó mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ilẹ̀ Ítálì wọ ogun ní oṣù Kẹfà ọdún 1940, ojú omi Mẹditaréníà di ohun eléwu fún ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ sì ni ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n nílò jù ní Íjíbítì. Wọ́n wá ń di ọkọ̀ òfurufú sínú àpótí ńlá, wọ́n ń gbé e gba ojú òkun wá sí Takoradi ní Gold Coast, tí a ń pè ní Ghana lónìí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tò wọ́n pọ̀, tí wọ́n sì ń fi wọ́n fò wá sí Èkó, láti Èkó sí Kánò, láti Kánò sí Màídúgùrì, kí wọ́n tó gba Fort Lamy àti Khartoum lọ sí Íjíbítì. Ọjọ́ 20, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1940 ni ìpín àkọ́kọ́ kúrò ní Takoradi: Blenheim kan ló ṣíwájú, Hurricane 6 sì tẹ̀ lé e. Kí ọdún 1943 tó parí, àwọn ọkọ̀ tó gba ọ̀nà yìí ti ju 5,000 lọ. Pápá Ìkejà tó ń dá ẹ̀kọ́ wa dúró lójoojúmọ́ yìí pàápàá, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló là á nígbà ogun náà. Nítorí náà ọmọ wa, bẹ́ẹ̀ ni, ó dé Nàìjíríà. Ohùn tí o gbọ́ nínú fóònù, àwọn bàbá àgbà ní Èkó ti gbọ́ ọ lórí òrùlé wọn.

Èyí tó sì tún yà wá lẹ́nu ni pé inú eré-ìje ni Spitfire ti jáde wá. Kí ogun tó dé, ìdíje kan wà tí wọ́n ń pè ní Schneider Trophy, fún àwọn ọkọ̀ òfurufú tó ń balẹ̀ sórí omi. Reginald Mitchell ló ń ya àwòrán ọkọ̀ fún ilé-iṣẹ́ Supermarine. Ní ọdún 1931, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní òun kò lówó tí òun yóò fi bá wọn dá sí eré. Obìnrin olówó kan, Lady Houston, ló dá £100,000 sílẹ̀, ọkọ̀ Mitchell sì gba ife náà pátápátá. Ní oṣù yẹn kan náà ó sá máìlì 407 ní wákàtí kan. Ìmọ̀ tí Mitchell rí nídìí eré yìí wà lára ohun tó lò nígbà tí ó ya Spitfire, tó kọ́kọ́ fò ní oṣù Kẹta ọdún 1936. Ọdún tó tẹ̀lé e ni Mitchell kú, ẹni ọdún 42, kò rí ogun rárá.

Lady Houston dáwó fún eré, a mọ orúkọ rẹ̀. Ta ló dáwó fún ogun? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Ní ọdún 1940, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ìkéde síta káàkiri ilẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn pé ìlú tó bá dá £5,000 ni a ó kọ orúkọ rẹ̀ sára Spitfire kan. Nàìjíríà dá owó ogun tí wọ́n ń pè ní Win-the-War Fund. Àwọn ọba àti ìjòyè dá a, àwọn akọ̀wé ìjọba dá a, àwọn oníṣòwò dá a, títí kan àwọn ọmọ ilé-ìwé. Wọ́n sọ Ikọ̀ 91 nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Ikọ̀ Nàìjíríà. Wọ́n dá ikọ̀ yìí sílẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1941 ní Hawkinge, létí òkun tó dojú kọ ilẹ̀ Faransé, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa ṣọ́ ojú omi. Ọ̀gá kan níbẹ̀, Robert Oxspring, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rí àwọn ọkọ̀ ogun ńlá Jámánì, Scharnhorst àti Gneisenau, nígbà tí wọ́n ń yọ́ kọjá ní ọjọ́ 12, oṣù Kejì, ọdún 1942. Lára Spitfire kan tí Oxspring yìí fò ní ọdún náà, ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni "Nigeria Oyo Province". Ẹ rántí pé nígbà náà, Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Iléṣà wà nínú ẹkùn Ọ̀yọ́ yìí, Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù sì wà lórí ìtẹ́.

A kọ £5,000 sójú pátákó fún àwọn ọmọ. £5,000 jẹ́ ṣílè 100,000. Ní ọdún 1945, nígbà tí ọjà ti wọ́n kọjá agbára òṣìṣẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn ti rélùwéè àti ti ìfìwéránṣẹ́, da iṣẹ́ sílẹ̀ fún ohun tó lé ní oṣù kan. Ohun tí wọ́n ń bèèrè fún lẹ́bìrà tó kéré jù ni ṣílè 2 àti sísì lóòjọ́. Bèèrè ni wọ́n ń bèèrè, wọn kò tíì rí i gbà. Ká tilẹ̀ ní wọ́n rí i: ṣílè 100,000, bí a bá fi ṣílè 2 àti sísì pín in, ó di iṣẹ́ ọjọ́ 40,000. Lẹ́bìrà tó bá ṣiṣẹ́ ọjọ́ 300 lọ́dún, yóò ṣe é fún ohun tó lé ní 130 ọdún, láìjẹun, láìsanwó ilé, kí ó tó ra Spitfire kan ṣoṣo. Àwọn ọmọ náà dákẹ́. Ọ̀kan ní, "Àfáà, ṣé wọ́n yá wọn ni àbí wọ́n fún wọn?" A ní wọ́n fún wọn ni.

A kò sọ pé kí wọ́n má dá a. Ẹni tó gbọ́ ohun tí Hitler ń ṣe fún ẹ̀yà tó bá kórìíra yóò mọ̀ pé ogun náà tọ́ láti borí. Ikọ̀ Nàìjíríà kò sì fi owó náà ṣeré. Ní ọdún 1943 wọ́n gba Spitfire onígriffon, ẹ̀yà Griffon kan náà tí a ní kí ẹ má gbàgbé, wọ́n sì wà lára ikọ̀ méjì àkọ́kọ́ tó fi Spitfire XII jagun. Ní ọdún 1944, nígbà tí Jámánì ń ju bọ́ǹbù oníyẹ̀ẹ́ V-1 sí London, tí ń fò ní nǹkan bíi máìlì 400 ní wákàtí kan, eré-ìje gidi ni lílé e jẹ́, Ikọ̀ 91 sì já èyí tó lé ní 180 nínú wọn. Ọdún 35 lẹ́yìn náà ni Griffon gbé Red Baron sáré ní Amẹ́ríkà. A kò rò pé ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó pàtẹ́wọ́ níbẹ̀ gbọ́ orúkọ Ọ̀yọ́ rí.

Kì í ṣe owó nìkan ni a fi sílẹ̀. Peter Adéníyì Thomas, ọmọ Èkó, ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú náà, ní ọdún 1942. Ọkọ̀ òfurufú já mọ́ ọn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Kìíní ọdún 1945, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí, ní ìlú Bath. Ní Àgídìngbì, nínú gbogbo àwọn tí a bi léèrè, kò sí ẹni tó gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, a ò sì lè dá wọn lẹ́bi, nítorí àwa náà kò gbọ́ ọ ní gbogbo ọdún tí a fi jókòó sí ilé-ìwé àwọn òyìnbó.

Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ló wá padà sọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ kejì. Ó ní òun ti sọ fún ọ̀gá òun nípa ẹgbẹ̀rún márùn-ún pọ́n-ùn yẹn, ọ̀gá òun sì ní kí òun bi wá pé, ṣé wọ́n fún àwọn bàbá wa ní rìsíìtì? A rẹ́rìn-ín. A ní kí ó mú wáláà rẹ̀ wá, a sì sọ fún un pé kí ó kọ ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà sílẹ̀. Ó kọ ọ́ ní lẹ́tà òyìnbó, ó wá bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún, ó tún un kọ ní lẹ́tà Lárúbáwá: Nàìjíríà, Ọ̀yọ́.